Pákó Ilé Kíká

Lincoln, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ooru Onitsha, ẹ sì kú ìdúró de lẹ́tà mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti lọ sọ́dọ̀ Deborah ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Iweka Road ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, tí ẹ ń bi í bóyá mo ti fi nǹkan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kó lè bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ má bínú sí mi. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìlagi ti gba etí yín, tí ẹ ò gbọ́ ohùn nínú fóònù mọ́, mo mọ̀ pé lẹ́tà nìkan ló kù láàárín wa. Síbẹ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ló máa ń gbé mi lọ kí n tó mú kálámù.

Ṣé èjìká yín ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá Bẹ̀llò ọ̀rẹ́ yín ò tíì dẹ́kun iyàn jíjà?

Iṣẹ́ mi ń lọ. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ò ní wàhálà púpọ̀. Ray ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní Ràódàt ti gùn jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu èèyàn.

Mo ní ìròyìn kan fún yín. Mo ra ilé kíka kékeré kan. Ó ti gbó, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó wù mí. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lò ó. Ó gba ẹni mẹ́rin dáadáa, tí wọ́n bá fún ara wọn láàyè. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwọn pákó kan ti ń jẹrà nínú rẹ̀. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, ìka mi ń wọlé bíi pé búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì ni. Mo fẹ́ tún un ṣe fúnra mi kí òtútù tó dé. Káfíńtà ló bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ bá mi kí Deborah, ẹ sọ fún un pé mo dúpẹ́, mo ní daalụ.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràódàt

Bridge Head, Onitsha
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ràódàt, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Wàlékùmù sàlám. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí Deborah ṣe rí mi lókèèrè ló ti ń pariwo, "Papa Raodat, your pikin don write o!" Èmi ò gbọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo wò. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, mo tún gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó kà á.

Ilé kíkà! Ìwọ Ràódàt tí mo máa ń fi pàṣán lé wọ ilé kéú, tí o máa ń gba ẹ̀yìn yọ lọ bá àwọn ọmọ Ìgbò ṣeré létí odò, ìwọ lo wá da ilé kíkà Kùránì sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó! Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ì bá wà láyé kó gbọ́ ọ. Ìparí ọ̀sẹ̀ lo ní, ẹni mẹ́rin lo ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alfa tó kọ́ ọ ṣe bẹ̀rẹ̀, inú páálọ̀ rẹ̀ ni.

Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo dìde dúró, mo ní kí wọ́n fún mi láyè, mo ní ọmọ mi ti ra ilé nílùú òyìnbó, kì í sì í ṣe ilé fàájì, ilé tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ariwo tó sọ, èmi tí etí mi ti kú gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bẹ̀llò tó ń ta àlùbọ́sà, tó ti ń fi ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abuja ṣe fọ́ńté sí mi láti ọdún mẹ́ta, òun ló kọ́kọ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kó Kùránì kéékèèké méjìlá wá fún mi, pẹ̀lú wàláà mẹ́ta, pé kí n wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ fi rán. Wọ́n wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pákó. Pákó wo ló ń jẹrà, ti àjà ni tàbí ti ilẹ̀kùn? Ògiri ńkọ́, búlọ́ọ̀kù ni àbí bíríkì? Tí wọ́n bá ní ọ̀gànwó níbẹ̀, òun ni kí o fi ṣe ilẹ̀kùn, torí àwọn ọmọ kéú kì í rọra ti ilẹ̀kùn. Má sì jẹ́ kí àwọn káfíńtà òyìnbó fi igi rírọ̀ tàn ọ́. Tètè dá mi lóhùn, àwọn èèyàn ń bi mí bí ilé náà ṣe rí, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ.

Bàbá rẹ,
Abdulwasiu Àkànní

Lincoln
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ayọ̀, ẹ sì kú ìjákulẹ̀, torí méjèèjì ni mo fẹ́ kí yín fún.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn tán lójijì, ojú sì tì mí. Bàbá, kíkà kọ́, kíká ni. Ká, bí a ṣe ń ká ẹní, bí a ṣe ń ká aṣọ. Èmi ni mi ò fi àmì sórí "ka" yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àmì láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé sí yín. Yorùbá mi, ẹ mọ bó ṣe rí. Tó bá jẹ́ Ìgbò ni mo fi kọ ọ́ ni, ì bá ti yé Deborah, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Mi ò da ilé kéú kankan sílẹ̀. Èmi fúnra mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ṣí Kùránì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní táyà méjì, mọ́tò ló ń fà á. Àwọn òyìnbó máa ń gbé e lọ sí etíkun nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Tí wọ́n bá ká a, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àpótí tí wọ́n dé lórí. Tí wọ́n bá ṣí i, òrùlé á gòkè, ògiri pákó mẹ́rin tí wọ́n fi ìnjì kọ́ á nà ró, òrùlé á sì jókòó lé wọn lórí. Bẹ́ẹ̀dì méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, pẹ̀lú tábìlì kan àti sítóòfù gáàsì kékeré. Pákó ògiri yẹn ló ń jẹrà, páláwúùdù ni. Torí òrùlé jókòó lé e, tó bá já, gbogbo rẹ̀ máa wó lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú.

Mo máa ń lọ sinmi níbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè ni. Ó wà lẹ́yìn abà àgbẹ̀ kan tó fún mi láyè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáa. Mo fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá Kùránì Bàbá Bẹ̀llò padà. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́ báyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ò mọ̀wé kà.

Ọmọ yín,
Ràódàt

Bridge Head, Onitsha
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, 2025

Ràódàt,

Mo kí ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé lẹ́tà rẹ sápò kí n tó lè mú kálámù.

O ní kí n dá Kùránì padà. Ṣé ìwọ lo máa bá mi dé iwájú Bẹ̀llò? Wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Alfa Obìnrin ní Bridge Head yìí o. Ìyá kan ní kí n bá òun bèèrè bóyá o lè máa kọ́ ọmọ òun látorí fóònù. Àmì kan péré, Ràódàt! Mo sọ fún ọ nígbà tí o wà ní praimárì pé àmì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn. Mo ní a ṣì ń wá ẹni tó máa kó ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Irọ́ ni, mo sì pa á lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ọrùn rẹ ni mo gbé e kọ́.

Mo rí àwọn àwòrán náà. Dúdú àti funfun ni Deborah tẹ̀ wọ́n, mo sì fi gíláàsì wò wọ́n dáadáa. Ilé tó ń dọ̀bálẹ̀ tó tún ń dìde! Ẹni tó kan án mọṣẹ́, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Ìnjì rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà.

Gbọ́ mi dáadáa. Má ì tíì gé nǹkan kan. Mú ọ̀bẹ kékeré tó mú lẹ́nu, kí o máa fi gún pákó náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé láìjà ọ́ níyàn, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ibi tó bá ti kọ̀ fún ọ, ibẹ̀ ni igi tó yè wà. Nígbà tí o bá wá ń gé e, wọnú igi tó yè yẹn ní ìka mẹ́rin, má ṣàánú rẹ̀. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí o tó fi tuntun sí i. Páláwúùdù kì í mu omi láti ojú, etí tí wọ́n gé ló ti ń mu ún, nítorí náà fi gọ́ọ̀mù ra etí rẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fi síkúrù dè é. Fi igi gbé òrùlé náà ró o, kó má bàa wó lé ọ lórí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi: ṣé ojú ìta ló rọ̀ ni tàbí ojú inú? Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Ibo gan-an ló ti burú jù? Tí mi ò bá mọ ibi tí omi ti ń wọlé, a kàn ń fi igi tuntun ṣòfò ni.

Bàbá rẹ,
Àkànní

Lincoln
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má bínú lórí ọ̀rọ̀ Kùránì. Mo mọ̀ pé mo dójú tì yín.

Mo ti gún un bí ẹ ṣe ní kí n gún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú ìta le koko, òjò ò ṣe é ní nǹkan kan. Ojú inú ló bàjẹ́. Ó dúdú, ó ń hu funfun bíi èérún, ó sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọn ò sá. Ibi tó burú jù ni ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì apá òsì, níbi tí ìrọ̀rí máa ń kan ògiri, títí dé abẹ́ pákó tí fóòmù wà lórí rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, kò sí nǹkan kan rárá. Ọ̀bẹ kọ̀, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ń kọ̀. Ṣé wọ́n lo igi tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni?

Mo ra ayùn kékeré kan lọ́jà àlòkù. Ọwọ́ mi ti lé roro. Àgbẹ̀ tó ni abà kọjá lánàá, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó lọ. Òun nìkan ni mo rí láti Jímọ̀. Mo wá ń bá ayùn sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún un nígbà tí mo bá ń gbá eruku igi ní ṣọ́ọ̀bù yín, "Rọra, rọra, má fò." Mo tiẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn yín.

Òtútù ti ń yọjú láàárọ̀. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí oṣù yìí tó tán, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọmọ yín,
Ràódàt

Bridge Head, Onitsha
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 2025

Ràódàt,

Igi kan náà ni wọ́n lò lápá méjèèjì.

Kì í ṣe òjò ló ba pákó yẹn jẹ́. Èémí èèyàn ni. Tí èèyàn bá sùn sínú yàrá tó há nínú òtútù, tó sì pa fèrèsé dé, èémí rẹ̀ á di omi lára ògiri, omi náà á ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí i lára àwọn ọkọ̀ ojú omi tí àwọn apẹja ń sùn sínú rẹ̀ níbí nígbà ọyẹ́. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ò lè ṣe báyẹn. Oorun ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún gbẹ, ti òsì ló jẹrà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn níbẹ̀.

Ta ni?

Bàbá rẹ

Bridge Head, Onitsha
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, 2025

Ràódàt ọmọ mi,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ìgbà méje ni mo ti dé Iweka Road. Tí Deborah bá ti rí mi báyìí, kì í dúró kí n bèèrè mọ́, á kàn mi orí, á sì gbé àga fún mi. Lánàá ó fi biro kọ ọ́ sórí bébà fún mi, "Papa, biko, sit down small." Mo jókòó. Ó ra omi fún mi.

Mo rò pé bóyá mo le jù nínú lẹ́tà mi. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe ìbínú. Èmi náà mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ó máa ń dà bíi pé mò ń jà.

Bẹ̀llò wá béèrè rẹ. Mo sọ fún un pé ara rẹ le. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Kọ nǹkan. Ìlà kan náà tó.

Bàbá rẹ,
Àkànní

Lincoln
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kí ẹ máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú oòrùn. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ lẹ́tà yìí, tí mo ya á.

Èmi ni mò ń sùn níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún yìí ni. Ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, yàrá tí wọ́n fún wa sì bá a lọ. Mo ríṣẹ́ síbòmíràn, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n ń fún mi ò tó gba yàrá. Mo rí ilé kíká yìí níbi tí ẹnì kan ti fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo rò pé oṣù méjì péré ni. Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín lóṣù Kẹsàn-án, mo fẹ́ sọ ọ́ ni o. Mo kọ "mo ra ilé kíka," mo sì rò pé ẹ máa bi mí pé irú ilé wo nìyẹn, kí n lè sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá dìde ní mọ́sáláṣí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Pákó náà ti parí. Mo gé e bí ẹ ṣe ní, mo ra etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dè é, òrùlé ò mì. Iṣẹ́ náà dáa, Bàbá. Tí ẹ bá fi ọwọ́ rá a, ẹ ò ní mọ ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń wá ẹni tí màá fi hàn. Kò sí ẹnì kankan. Mo sunkún nítorí pákó.

Ó ti sú mi. Kì í ṣe iṣẹ́ ló sú mi, kì í tiẹ̀ ṣe òtútù. Ó sú mi pé mo lè kú síbí lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè tí mi ò bá yọjú níbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Tí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró, mi ò ní ráhùn. Tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá ta ilé kíká yìí, màá fi kún èyí tí mo ní, màá sọ̀ kalẹ̀ ní Asaba, màá sọdá afárá, màá wá bá yín nínú yàrá wa, kí n tẹ́ ẹní síbi tí mo máa ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Èmi ò lè dá a sọ, torí ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín ní Bridge Head.

Ọmọ yín,
Ràódàt

Lincoln
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní, 2026

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé sí yín. Deborah ní ẹ gbà á lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ẹ kà á tán, ẹ ká a sápò, ẹ ò sì padà wá mọ́.

Ó ti yé mi. Ẹ ń bínú, tàbí ojú ń tì yín nítorí mi. Mi ò ní bèèrè mọ́. Yìnyín já sílẹ̀ lánàá, àgbẹ̀ gbé igi ìdáná wá fún mi, ó ní "Ray, you all right?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màá dúró. Ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi pé ẹ wà láàyè.

Ràódàt

Bridge Head, Onitsha
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní, 2026

Ràódàt, Àṣàkẹ́ mi,

Má dúró. Máa bọ̀.

Mo kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni kó má bàa di pé o ń wá a káàkiri inú lẹ́tà. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí mo ti ka lẹ́tà rẹ. Kì í ṣe ìbínú ló dá mi dúró. Ojú ń tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ.

Kí o tó kúrò níbẹ̀, mú irin ìlugi, kí o lu ihò mẹ́fà mẹ́fà sí pákó tí o sùn lé, kí o sì máa ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ láìka òtútù sí, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Má sì tan sítóòfù yẹn sùn, mo bẹ̀ ọ́. Mo ń ronú rẹ̀ lóru.

Mo ti sọ fún wọn ní mọ́sáláṣí. Jímọ̀ tó kọjá ni. Mo dìde síbi tí mo dìde sí nígbà yẹn, mo ní ọmọ mi ò ní ilé kéú kankan, inú àpótí pákó ló ń sùn sí, òun nìkan ló sì tún un ṣe. Mo gbé Kùránì Bẹ̀llò lé e lọ́wọ́. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó wá ẹnu sún mọ́ etí mi, ó sọ pé ọmọ òun tó wà ní Abuja ò gbé fóònù òun láti ọdún tó kọjá.

Ràódàt, ohun tí mi ò lè kọ fún ọ láti oṣù Kejìlá nìyí. O ní o máa wá bá mi nínú yàrá wa. Kò sí yàrá yẹn mọ́. Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni onílé ní ká kó jáde, ó fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìtajà. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ, mo tà á, torí kò síbi tí mo fẹ́ gbé e sí. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn. Mo to pákó àfàrà ró, mo fi ṣe ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ láti ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni mo ti kọ wọ́n. Mo ń bi ọ́ pé ta ló ń sùn sínú àpótí, èmi náà wà nínú tèmi. Mo rò pé tí o bá mọ̀, o máa fi ohun gbogbo sílẹ̀ nítorí mi. Mo tún rò pé o máa rò pé bàbá rẹ ò kẹ́sẹ járí. Kò tiẹ̀ sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí láìjẹ́ pé ó máa dé etí rẹ.

Nítorí náà mi ò ní tàn ọ́ pé ilé wà níbí. Ṣọ́ọ̀bù wà. Ó gbẹ, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, Deborah sì ní o lè máa wẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí a ó fi rí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì kan péré ló wà, èyí tí mò ń sùn lé. Mo ti ń kan èkejì. Mo ti ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ti fági rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wọn igi, Ràódàt, mi ò fi ìwọ̀n kàn ọ́ rí. Kọ bí o ṣe gùn tó ránṣẹ́ sí mi, kí n lè gé pákó rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àkànní